Màmá Tún Ti Sùn: Bí A Ṣe Ń To Oorun Ọ̀sán Àgbàlagbà

"Ẹ káàárọ̀ Mà, ṣé ẹ jíire?" "A dúpẹ́."

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo fi ń kí ìyá mi báyìí láràárọ̀, tí mi ò sì dúró gbọ́ ju "a dúpẹ́" yẹn lọ. Oorun ni ìkíni náà ń béèrè, àmọ́ ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í gbọ́ ohun tí a ń sọ mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa ló là mí lójú. Ó ní, "Màmá àgbà máa ń jókòó sí pálọ̀ lóru, wọ́n á tan iná, wọ́n á máa ṣa ìrẹsì." Aago kan òru nìyẹn o. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ wò ó, aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, aago mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n ń jí. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n nígbà náà, kò sì tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi ìsọ̀ aṣọ wọn ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn sílẹ̀.

Gbogbo wa nílé la máa ń sọ ọ́: "Màmá tún ti sùn." A ó rẹ́rìn-ín, a ó rọra pa ilẹ̀kùn dé kí ariwo àwọn ọmọ má bàa jí wọn. Ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe é, oorun òru wọn la sì ń fi ṣòfò.

Ohun tí mo kọ́ látìgbà náà, lẹ́nu dókítà, lẹ́nu nọ́ọ̀sì àti nínú ìwé kan tí èmi àti ìyá mi jọ ń kọ, ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Ẹni tó ń tọ́jú òbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n àgbà tó bá ń dá gbé lè fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e. Oorun ọ̀sán fúnra rẹ̀ kò burú. Aago tó bọ́ sí, bó ṣe gùn tó, àti bóyá ó ti yàtọ̀ sí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀: ohun mẹ́ta tí ẹ ó máa ṣọ́ nìyẹn, èyí tó kẹ́yìn ló sì jẹ mí lógún jù.

Ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe sí oorun

Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, oorun á máa fẹ́lẹ́. Sísùn fọnfọn, irú èyí tí wọ́n lè gbé ènìyàn kúrò lórí ẹní kó má mọ̀, á dín kù. Jíjí lóru á pọ̀ sí i. Aago kan tún wà nínú ọpọlọ, kò tó hóró ìrẹsì, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì fi ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Lára ọ̀pọ̀ àgbà, aago yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré síwájú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí bàbá tó máa ń wo tẹlifíṣọ̀n di aago mọ́kànlá nígbà tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún fi ń tòògbé kí ìròyìn aago mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀, tí á sì la ojú kalẹ̀ láti aago mẹ́ta òru.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àgbà ò nílò oorun púpọ̀. Mi ò gbà. Wákàtí 7 sí 8 ni àjọ National Sleep Foundation ní Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún ẹni ọdún 65 sókè, èyí ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́. Agbára láti sùn ún mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà ló dín kù.

Ọpọlọ ló sì ń jẹ èrè oorun náà jù. Nígbà tí a bá sùn wọra, omi tó yí ọpọlọ ká máa ń ṣàn gba àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì kọjá, á máa fọ ìdọ̀tí tí iṣẹ́ ọjọ́ náà kó jọ. Ara eku ni wọ́n ti rí èyí kedere ní 2013. Lára ìdọ̀tí náà ni èròjà amyloid, èyí tó máa ń gbá jọ sínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn Alzheimer, àrùn tó ń mú iyè ra díẹ̀díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ̀ lé àwọn 7,959 tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba fún nǹkan bí ọdún 25. Àwọn tí oorun òru wọn kò ju wákàtí mẹ́fà lọ láti ẹni àádọ́ta ọdún títí dé àádọ́rin, ewu dìmẹ́ńṣíà wọn (àìsàn kí iyè máa ra) fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tó ń sùn wákàtí méje lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àrùn òyìnbó ni, ẹ dárúkọ Ìdíkàn fún un. Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1992, tí wọ́n ń fi àwọn àgbà Yorùbá wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún àgbà tó ti lé ní ọdún 65, nǹkan bí 13 ni dìmẹ́ńṣíà ń bá lọ́dún kan ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ó tó 32. Tiwa kéré, ọpẹ́ ni. Síbẹ̀ ènìyàn ni àwọn 13 yẹn, a sì mọ orúkọ tí àdúgbò máa ń sọ ìyá arúgbó tí iyè rẹ̀ bá ń ra.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ oorun náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Ẹ ra ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, eléwé ogún ti tó, kí ẹ sì ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kan. Ohun tí ẹ ó máa kọ ni aago tí wọ́n wọ yàrá lálẹ́, aago tí ẹ rò pé oorun gbé wọn lọ, iye ìgbà tí wọ́n jí lóru àti ìdí rẹ̀ (ìtọ̀, ooru, ìrora, ẹ̀fọn, àlá), aago tí wọ́n dìde pátápátá, aago tí oorun ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí. Nísàlẹ̀ ewé náà, ẹ kọ oògùn tí wọ́n lò àti aago rẹ̀, obì tàbí kọfí tí wọ́n jẹ tàbí mu, àti ohunkóhun tó ṣàjèjì: wọ́n gbàgbé ìkòkò lórí iná, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ kan náà nígbà mẹ́ta, inú wọn ò dùn.

Ẹ má fo òògbé o. Òògbé orí àga, ti inú ṣọ́ọ̀ṣì, ti inú mọ́tò, ti iwájú tẹlifíṣọ̀n, oorun ni gbogbo rẹ̀. Àgbà á sọ fún yín pé "mi ò sùn, mo kàn pajú dé ni." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, pẹ̀lú aago rẹ̀. Ìyá mi máa ń "pajú dé" fún ogójì ìṣẹ́jú.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí mo ń ṣọ́ àwọn bí olè. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé mo rántí ìwé gbèsè tí wọ́n ń kọ ní ìsọ̀, níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ oníbàárà, iye aṣọ, owó tó san àti èyí tó kù. Mo ní, "Màmá, ẹ máa kọ oorun yìí bí ẹ ṣe ń kọ gbèsè. Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó jẹ wá." Láti ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti gba bírò lọ́wọ́ mi, tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i. Ẹ wá ọ̀nà tí òbí tiyín náà á fi rí i pé iṣẹ́ òun ni. Ẹni tó jẹ́ tíṣà, ẹni tó jẹ́ awakọ̀, ẹni tó ń ṣe àkọ̀wé ìjọ, kò sí ẹni tí kò ní ìwé kan tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ohun tí ìwé náà sọ

Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ ro wákàtí òru pọ̀ mọ́ ti ọ̀sán. Ti ìyá mi jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lóru, mẹ́ta àbọ̀ lọ́sàn-án. Méje àbọ̀ ni àpapọ̀ rẹ̀. Oorun wọn ò dín rárá, ó ṣì lọ́nà ni, bí owó tó wà nínú àpò òsì tí a ń wá a nínú àpò ọ̀tún. Bí ti òbí yín bá rí báyìí, àwọn ìgbésẹ̀ tó kù á ràn yín lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá ń sùn wákàtí méje tàbí mẹ́jọ lóru tí wọ́n ṣì ń sùn wákàtí méjì lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé èémí wọn ń dí lójú oorun, ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, oògùn, ìbànújẹ́ ọkàn, tàbí ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Dídín oorun ọ̀sán kù kò ní wo èyíkéyìí nínú wọn sàn. Ẹ gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bí oorun ọ̀sán náà bá sì jẹ́ tuntun, tàbí tó ti gùn sí i láàárín oṣù mélòó kan, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ní Chicago, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré bí aago mọ́ ọrùn ọwọ́ àwọn àgbà 1,401, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn fún nǹkan tó tó ọdún 14. Nínú àwọn tí ọpọlọ wọn ṣì pé, oorun ọ̀sán ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn sí i lọ́dún kan. Nígbà tí iyè bẹ̀rẹ̀ sí í ra, ó di nǹkan bí 24. Lẹ́yìn tí wọ́n rí àrùn Alzheimer lára wọn, ó di 68. Àwọn tí oorun ọ̀sán wọn lé ní wákàtí kan lójúmọ́ ní ewu àrùn náà ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn yòókù lọ. Ìwádìí tó jáde ní 2022 yìí ò fi hàn pé oorun ọ̀sán ló bí àrùn náà. Ó lè jẹ́ pé àrùn tó ti wọlé tí kò tíì fojú hàn ló ń fa oorun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ ṣọ́ ìyípadà. Bàbá tó ti ń rẹjú lẹ́yìn ìrun ọ̀sán láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí ìyókù ìṣe rẹ̀ sì gún, ẹ jẹ́ kó máa rẹjú tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òwúrọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń gbìyànjú ni kí wọ́n lé àgbà lọ sùn ní aago mẹ́jọ. Kì í ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún oorun, ṣùgbọ́n a lè pinnu ìgbà tí a ó dìde. Ẹ mú aago kan, aago mẹ́fà tàbí mẹ́fà àbọ̀, kí ẹ má sì yí i padà ní ọjọ́ Sátidé tàbí Sọ́ńdè, bí òru àná tilẹ̀ burú. Ẹni tó ń jí fún ìrun àsùbáà ní aago márùn-ún, kí ó fi márùn-ún ṣe é, kó sì tètè sùn lálẹ́. Nínú oṣù ààwẹ̀, tí sààrì ń gba àárín òru, ẹ jẹ́ kí oorun ọ̀sán dípò ohun tí sààrì gbà.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde síta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àmì ohùn nìkan ló ya oorun sọ́tọ̀ kúrò lára oòrùn, ọ̀kan ló sì ń tún èkejì ṣe. Ìmọ́lẹ̀ ìta, kódà lọ́jọ́ tí òjò ṣú, fi ìlọ́po-ìlọ́po ju iná inú ilé lọ, òun ló sì ń yí aago inú ọpọlọ sí ibi tó yẹ. Wọn ò nílò láti wo oòrùn lójú. Kí wọ́n já ẹ̀fọ́ níta, kí wọ́n rìn dé ìdí ọ̀nà, kí wọ́n kí aládùúgbò. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tí ìṣòro tirẹ̀ bá jẹ́ pé oorun ń gbé e ní aago méje alẹ́, tó sì ń jí ní aago méjì tàbí mẹ́ta òru, ẹ yí i padà fún un: ìrọ̀lẹ́ ni kó jókòó síta, láti aago márùn-ún títí oòrùn á fi wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ń fa aago náà sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oorun ọ̀sán fúnra rẹ̀

Láàárín aago kan sí mẹ́ta ni kó wà. Ara ènìyàn máa ń rọ̀ ní àkókò yìí bí kò tilẹ̀ jẹun, nítorí náà ẹ̀bà kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí a bá ti jí láàárọ̀ ni èròjà kan ti ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, òun ló ń mú ojú wúwo lálẹ́. Gbogbo oorun tí a bá sùn ló ń gbọ́n nínú rẹ̀. Ẹni tó sùn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ dà bí ẹni tó jẹ àkàrà yó ní aago mẹ́fà, tí wọ́n wá gbé iyán ka iwájú rẹ̀ ní aago méje.

Ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fara mọ́. Lóòótọ́, nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára àgbà 2,974 ní Ṣáínà, àwọn tó ń sùn láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90 lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò iyè, wọ́n ju àwọn tí kì í sùn rárá lọ, wọ́n sì ju àwọn tó ń sùn kọjá 90. Ní ilẹ̀ tiwọn, gbogbo ìlú ló ti mọ́ lára láti sùn lọ́sàn-án. Bí òbí yín bá ń sùn wákàtí kan, tí òru rẹ̀ dára, tí iyè rẹ̀ sì pé, mi ò ní fagi lé e. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí òru rẹ̀ ti bàjẹ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni òdiwọ̀n. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, oorun á ti wọra. Ẹni tí a bá jí níbẹ̀, orí rẹ̀ á wúwo, ojú rẹ̀ á ṣì máa ṣú, ìgbà yẹn gan-an sì ni àgbà máa ń ṣubú.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyí. Bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á jókòó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oúnjẹ tó wálẹ̀. Orí àga gígùn pálọ̀ ni wọ́n ń sùn, a kì í fa kọ́tìnnì dé tán, kí ara lè mọ̀ pé ọ̀sán ni. Ìrọ̀rí méjì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo fẹ́ kí ẹ mú ti ìrọ̀rí yìí dání: àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lọ́sàn-án, omi tó wà nínú ẹsẹ̀ náà máa ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá dùbúlẹ̀, á sì di ìtọ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́sàn-án, ọ̀sán ni á tọ̀ ọ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òru ni. (Ẹni tó ní àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.)

Fóònù á dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Bí ẹ̀yin lẹ ó jí wọn, ẹ má gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, ẹ má pariwo. Ẹ fa kọ́tìnnì, ẹ fi oríkì wọn pè wọ́n jẹ́jẹ́. Kí wọ́n jókòó ná, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n mu omi díẹ̀, kí wọ́n tó dìde. Ẹ̀jẹ̀ àgbà kì í tètè gòkè dé orí, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dín èyí tó ti gùn kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wá nǹkan dí i

Ẹ má gé wákàtí mẹ́ta sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kan. A fi ìṣẹ́jú 15 dín ti ìyá mi ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ó sì gbà wá tó oṣù kan ààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Ara kan wọ́n, wọ́n bínú sí mi, ọjọ́ méjì ni mo fẹ́ pa á tì.

Àṣírí tó wà níbẹ̀, tí kò sí dókítà kankan tó sọ fún mi, ni pé àìríṣe ló ń sùn. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún na ọjà, tó ń dúnàá dúrà láti àárọ̀ di alẹ́, a gbé e jókòó sí pálọ̀, a ní kó sinmi. Kí ni kó ṣe bí kò sùn? A wá fún wákàtí aago méjì àbọ̀ sí márùn-ún ní iṣẹ́. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí fún aládùúgbò kan tó ń tà á. Aago mẹ́ta ni àwọn ọmọ ń dé láti ilé ìwé, iwájú wọn ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti ṣe ìṣirò. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ń pè wọ́n lórí fóònù láti béèrè ojúlówó àǹkárá. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ lọ ọlidé ni oorun ọ̀sán náà tún gùn padà, ìwé náà wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Nítorí náà, bí ẹ bá mú oorun kúrò, ẹ fi nǹkan tó ń mú ọpọlọ ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀: ayò ọlọ́pọ́n, ẹgbẹ́ àdúgbò, kéwú, ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọgbà ẹ̀fọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́

Obì, kọfí àti tíì Lipton, kí wọ́n parí kó tó di ọ̀sán. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ìdajì èròjà tí ń lé oorun nínú wọn ṣì lè wà lára. Àgbà tí kò lè kọ obì níbi ìnáwó lè gbà á kó fi sápò.

Òògbé aago méje sí mẹ́jọ alẹ́ ló burú jù lọ, ó ń ba òru jẹ́ ju ti ọ̀sán lọ. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ká aṣọ, ẹ gbé wọn kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n. Oúnjẹ alẹ́ kó má kọjá aago méje. Omi: kí wọ́n mu ún dáadáa lọ́sàn-án, kí wọ́n dín in kù ní wákàtí méjì kí wọ́n tó sùn. Ẹ má fi òùngbẹ pa wọ́n lọ́sàn-án nítorí ìtọ̀ òru, àìtó omi lára máa ń da orí àgbà rú.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ pa á kí ilé tó sùn. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìní òórùn tó ṣàjèjì, kò sì gbọdọ̀ sí nítòsí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Fáànù oníbátìrì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí kò já, àti ọ̀nà tó mọ́ láti ibùsùn dé ilé ìtọ̀ ti tó. Ẹ ká rọ́ọ̀gì tó ń kọ́ ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ fi gílóòbù kékeré tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n síbẹ̀.

Bí wọ́n bá jí lóru tí oorun ò padà lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n kúrò lórí ibùsùn, kí wọ́n jókòó síbi tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n gbàdúrà tàbí kí wọ́n gbọ́ rédíò tó rẹlẹ̀. Fóònù àti ìrẹsì ṣíṣà lábẹ́ iná funfun kò sí níbẹ̀. Bí ojú bá wúwo, kí wọ́n padà. Bó ti wù kó rí, aago ìdìde kò yẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wo àpò oògùn wọn

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fiyè sí mi jù. Nígbà tí ìyá mi ò rí oorun sùn, ẹnìkan ní kẹ́míìsì ta Lexotan fún wọn láìsí ìwé dókítà, wọ́n sì ti ń lò ó kí n tó mọ̀. Lexotan àti Valium wà lára ìdílé oògùn tí ìlànà àwọn oníṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n yẹra fún lára ẹni tó ti lé ní ọdún 65: wọ́n ń da iyè rú, wọ́n ń mú kí àgbà ṣubú kí egungun sì ṣẹ́, ara sì máa ń di ẹrú wọn. Piriton náà tí àwọn kan ń lò kí ojú lè kún fún oorun, kò yẹ àgbà. Ó ń gbẹ ẹnu, ó ń dá ìtọ̀ dúró, ó ń mú ọpọlọ ṣókùnkùn. Ẹ má sọ pé kí ẹni tó ti ń lo Lexotan tàbí Valium tipẹ́ jáwọ́ lójijì o. Ewu gidi ni, gìrì lè mú un. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Oògùn tí ń mú ènìyàn tọ̀, bíi Lasix àti Moduretic, òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Bí tiwọn bá jẹ́ alẹ́, ẹ béèrè ìdí. Ọtí tí bàbá ń mu kó lè sùn á gbé e sùn lóòótọ́, á sì tún jí i ní ìdajì òru.

Ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró

Bí ìyípadà náà bá dé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tí àgbà tó mọ ara rẹ̀ lánàá wá ń sùn ṣáá, tó ń sọ kántankàntan, tí ẹ kò lè jí i tán, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ibà, àrùn inú ìtọ̀, ṣúgà tó lọ sílẹ̀, rọpárọsẹ̀ àti oògùn ló máa ń fa irú èyí. Ọjọ́ orí kì í ṣe é.

Àwọn yòókù lè dúró de ọjọ́ tí dókítà fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé wọn. Hanrun tó le, tí èémí á dúró kó tó tún padà bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ẹni tó ń pariwo, tó ń jà, tó ń ta ìpá lójú oorun: nílé púpọ̀, àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó bò ó, mi ò sọ pé kí ẹ má gbàdúrà, àmọ́ irú oorun bẹ́ẹ̀ lè ṣáájú àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ara gbọ̀n, ní ọ̀pọ̀ ọdún, kí dókítà gbọ́ sí i. Oorun ọ̀sán tó ń gùn lóṣooṣù, tí owó ṣíṣẹ́ sì ń ṣì wọ́n lọ́wọ́, tàbí tí wọ́n ṣìnà ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kú, tí kò fẹ́ dìde lórí ibùsùn mọ́.

Dókítà tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ńlá UCH ní ilé ìtọ́jú tó jẹ́ ti àgbàlagbà nìkan, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, tí wọ́n ṣí ní 2012. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ mú ìwé oorun náà àti gbogbo oògùn dání, títí kan àgbo.

Bí wọ́n bá ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ lókè òkun

London kò fi ju wákàtí kan yàtọ̀ sí Èkó, ìmọ́lẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n níbẹ̀: nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó di aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kí màmá máa jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀, pẹ̀lú kóòtù. Houston ló le, wákàtí mẹ́fà tàbí méje ló fi wà lẹ́yìn wa. Fún ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, wọ́n á máa jí ní àárín òru, oorun á sì máa kùn wọ́n ní ọ̀sán. Ẹ fún wọn ní ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án, ẹ mú wọn jáde ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ má sì fi ọmọ tuntun sí ọwọ́ wọn lóru ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ tó kù: ẹ tún un kọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta

Ọ̀sẹ̀ kan péré ti tó nígbà yìí. Ẹ ṣírò ìṣẹ́jú oorun ọ̀sán, ẹ fi í wé ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé. Ẹ má da ìwé àtijọ́ nù, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà máa ń bi ni "ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?", kò sì sí ẹni tó lè rántí. Ìyá mi ti kún ìwé mẹ́rin. Aago kan àbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, aago méjì ni wọ́n ń jí, òru wọn ti padà di wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Inú àpótí aṣọ ni wọ́n ń kó àwọn ìwé náà sí, lórí ìwé àwọn oníbàárà tó ṣì jẹ wọ́n lówó.